Bí A Ṣe Ń Fi Kọ̀ǹpútà Tọpa Ìgbì Plásímà Tí Ọ̀wọ́ Ẹ̀lẹ́ktrọ́nù Ru Sókè

Nínú plásímà (gáàsì tí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù ti já kúrò lára átọ́ọ̀mù rẹ̀) tó ti farabalẹ̀, bí a bá to àwọn ẹ̀lẹ́ktrọ́nù gẹ́gẹ́ bí ìyára wọn, òkè kan ṣoṣo ni a ó rí. Èyí tó pọ̀ jù wà láàárín, èyí tó ń sáré gan-an kò tó nǹkan, òkè náà sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Irú òkè bẹ́ẹ̀ kì í ru ìgbì sókè. Ṣe ló máa ń pa á. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́ktrọ́nù mìíràn bá já wọ inú rẹ̀, tó ń bá ìyára tirẹ̀ lọ, òkè á di méjì, àfonífojì á sì là wọ́n láàárín. Ìgbà yẹn ni ìgbì tí kò ju ariwo lásán lọ lè wú títí tí yóò fi da gbogbo rẹ̀ rú.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ rí i nínú ètò kọ̀ǹpútà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àfikún rẹ̀ NumPy àti SciPy ti tó, kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán sì lè gbé e. Ọ̀nà PIC (particle-in-cell, ẹyọ nínú ojú àwọ̀n) ni a ó lò: a ó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ ṣojú fún àìmọye ẹ̀lẹ́ktrọ́nù, a ó ta àwọ̀n sí ọ̀nà wọn, orí àwọ̀n náà ni a ó sì ti máa ṣírò pápá iná tí gbogbo wọn jọ dá sílẹ̀. Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ fi bírò ṣírò bí ìgbì ṣe yẹ kó yára dàgbà tó kí ẹ tó sọ pé kí kóòdù ṣiṣẹ́. Kóòdù tó ní àṣìṣe náà máa ń ru ìgbì sókè, ìlà tó ń gòkè lórí àwòrán kò sì ní fẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni òun.

## Ta ló ń fún ta lágbára?

Ẹ wo ìgbì kan tó ń lọ ní ìyára v. Ẹ̀lẹ́ktrọ́nù tí ìyára rẹ̀ jìnnà sí v kàn ń gba orí ìgbì kọjá ni: ó ń yára díẹ̀, ó ń falẹ̀ díẹ̀, kò jèrè, kò pàdánù. Èyí tí ìyára rẹ̀ sún mọ́ v ni ọ̀rọ̀ kàn, nítorí pé òun àti ìgbì jọ ń lọ ni, wọ́n sì ní àyè láti gba nǹkan lọ́wọ́ ara wọn. Èyí tó lọ́ra díẹ̀ ju ìgbì lọ, ìgbì á wọ́ ọ síwájú, á sì gba agbára lára ìgbì. Èyí tó yára díẹ̀ jù ú lọ, ìgbì á fà á sẹ́yìn, agbára tó bá sì sọnù lára rẹ̀, ti ìgbì ni.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: ní àyíká v, ṣé àwọn tó yára jù ló pọ̀, àbí àwọn tó lọ́ra jù? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kan ṣoṣo, àwọn tó lọ́ra jù ló máa ń pọ̀, ìgbì sì ń kú. Lev Landau ṣírò èyí lórí ìwé ní 1946. Malmberg àti Wharton sì fi hàn nínú yàrá ìwádìí ní 1964. Níbi tí òkè kejì ti ń gòkè láti inú àfonífojì, àwọn tó yára jù ló pọ̀, ìgbì tí v rẹ̀ bá bọ́ sí ibẹ̀ á máa sanra.

## Ìṣírò tí a ń fi bírò ṣe

Òǹkà méjì ló ṣáájú gbogbo nǹkan. Àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí plásímà ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí Tonks àti Langmuir ti ṣàlàyé láti 1929:

f = 8.98 × √n

n ni iye ẹ̀lẹ́ktrọ́nù nínú mítà onígun mẹ́ta kan, ìdáhùn sì jẹ́ Hertz. Nínú ẹ̀fúùfù tó ń ti ara oòrùn wá, nítòsí ayé, bí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù 5 bá wà nínú sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan, n jẹ́ 5,000,000, f sì jẹ́ nǹkan bí 20,000 Hz. Ẹ fi 2π sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí ωp, nǹkan bí 126,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí túmọ̀ sí pé 1/ωp, tí yóò jẹ́ ìwọ̀n àkókò wa, kò ju ìdá 8 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá lọ.

Èkejì ni gígùn Debye, ìyẹn ibi tí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù lè ti bo ara wọn mọ́lẹ̀ kí pápá iná má bàa jáde:

λD = 7.43 × √(T/n) mítà

Níbí, T ni ìgbóná ẹ̀lẹ́ktrọ́nù, ó wà ní eV (ẹ̀lẹ́ktrọ́nù-fóòtì), n sì jẹ́ iye tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta. Bí T bá jẹ́ 10 nínú ẹ̀fúùfù oòrùn yẹn, λD jẹ́ mítà 10.5. Ẹ ṣọ́ra fún n méjèèjì yìí; ọ̀kan ń lo mítà, èkejì ń lo sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ á fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ṣìnà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀wọ́ méjì tó dọ́gba, ọ̀kan ń lọ sọ́tùn-ún ní ìyára v0, èkejì ń lọ sósì ní ìyára kan náà. Bí wọ́n bá tutù pátá, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ kò yàtọ̀ sí ẹnìkejì rẹ̀, ìgbì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ k (ìyẹn 2π/gígùn ìgbì) gbọ́dọ̀ tẹ̀lé èyí:

(x² − K²)² = x² + K²

ω ni 2π nígbà iye ìgbà tí ìgbì náà ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, x ni ω/ωp, K ni k·v0/ωp, ωp sì jẹ́ ti gbogbo ẹ̀lẹ́ktrọ́nù lápapọ̀. Ẹ yanjú rẹ̀ fún x²:

x² = [2K² + 1 ± √(8K² + 1)] / 2

Ẹ lo àmì ìyọkúrò. Bí K bá kéré sí 1, x² á wọ abẹ́ òdo. Ìyẹn ni pé ìgbì náà kò mì mọ́, ńṣe ló ń wú. Ibi tó ti yára wú jù ni K² = 3/8, ìyẹn K = 0.612. Níbẹ̀, x² = −1/8, ìwọ̀n ìdàgbà γ sì jẹ́ 0.354 ωp. Àmì ìròpọ̀ fún wa ní x = 1.37, ìgbì tó ń mì láìdàgbà. Ẹ má gbàgbé 1.37 yìí, a ó tún pàdé rẹ̀.

Bí ọ̀wọ́ méjèèjì bá ní ìgbóná, ọ̀rọ̀ á yí díẹ̀. Ẹ pe ìfẹ̀ òkè kọ̀ọ̀kan ní vth. Òkè á ti hàn ní méjì lójú bí v0 bá ti ju vth lọ. Síbẹ̀, òfin tí Oliver Penrose gbé kalẹ̀ ní 1960 sọ pé ìgbì kankan kò ní dàgbà àfi tí v0 bá ju 1.307 vth lọ. Láàárín 1 sí 1.307, àfonífojì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jìn tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo àwòrán, tí wọ́n rí òkè méjì, tí wọ́n sì ń retí ìgbì tí kò ní dé láéláé.

Bí ọ̀wọ́ kan bá kéré gan-an sí èkejì, tó sì tutù, ẹ lo èyí:

γ = 0.687 × (nb/n0)^(1/3) × ωp

nb ni iye ẹ̀lẹ́ktrọ́nù ọ̀wọ́ kékeré, n0 ni ti ńlá. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún á fún yín ní 0.148, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, 0.069. Ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé ọ̀wọ́ tí a dín kù ní ìlọ́po mẹ́wàá kò dín ìdàgbà kù ju ìlọ́po méjì àti díẹ̀ lọ.

## Àwọn òǹkà tí a ó fi bẹ̀rẹ̀

A ó sọ ωp di 1, v0 di 1, ε0 (òǹkà tó so ṣáàjì mọ́ pápá iná) di 1, q/m (ṣáàjì ẹ̀lẹ́ktrọ́nù tí a fi ìwúwo rẹ̀ pín) sì di −1. Àwọn yòókù nìyí:

- Gígùn àpótí, L = 2π/0.612 = 10.26. Ẹyọ tó bá jáde lápá ọ̀tún á wọlé lápá òsì.
- Kókó àwọ̀n, 128. Ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan, dx = 0.080.
- vth = 0.1, nítorí náà λD = 0.1. dx kò jù ú lọ, bó sì ṣe yẹ nìyẹn.
- Ìṣísẹ̀ àkókò, dt = 0.04. Ìṣísẹ̀ 1,500 á gbé wa dé t = 60.
- Ẹyọ 25,600, ìdajì sọ́tùn-ún, ìdajì sósì.
- Ṣáàjì ẹyọ kọ̀ọ̀kan, −L/25,600 = −0.0004008. Àwọn áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù ti já kúrò lára wọn) kò ní rìn. Ẹ kàn fi +1 sí gbogbo ojú àwọ̀n dípò wọn.

L kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì àkọ́kọ́ tó lè gbé inú àpótí yìí ní K = 0.612 gan-an; èkejì ní K = 1.22, ó ti kọjá 1, kò lè dàgbà. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgbì kan ṣoṣo ni ẹ ó máa wò. Bí ẹ bá sọ L di ìlọ́po méjì, ìgbì mẹ́ta ni yóò máa dàgbà pọ̀, 0.306, 0.612 àti 0.919, wọn á sì máa gbé ara wọn mì nígbẹ̀yìn. Ìran yẹn dára láti wò, ṣùgbọ́n kò dára fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

## Kíkọ kóòdù

Títo àwọn ẹyọ. Ibí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ fọ́n ẹyọ 25,600 ká, ariwo wọn á tó 1/√25,600, ìyẹn 1/160, nǹkan bí 0.006. Irúgbìn ìgbì tí a fẹ́ gbìn kò ju 0.0006 lọ. Ariwo á ti bò ó mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ to ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdọ́gba-ìdọ́gba: x = (i − 0.5)·L/12,800, i bẹ̀rẹ̀ láti 1. (Láti ibí lọ, x ni ipò ẹyọ nínú àpótí, kì í ṣe ω/ωp mọ́.) Fún ìyára, ẹ kọ i ní òǹkà oní-méjì, ẹ yí i sẹ́yìn-síwájú, ẹ fi ààmì ìdá sí iwájú rẹ̀. 1 á di 0.5, 2 á di 0.25, 3 á di 0.75, 4 á di 0.125. Ẹ fi ohun tí ẹ rí sínú norm.ppf ti SciPy, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú vth, ẹ fi v0 kún un. Ẹyọ tó fara kan ara wọn á wá ní ìyára tó jìnnà síra, síbẹ̀ gbogbo wọn lápapọ̀ á tò bí òkè Maxwell, ìyẹn òkè kan ṣoṣo ti plásímà tó ti farabalẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti i = 0, nítorí norm.ppf ti òdo kò lópin. Fún ọ̀wọ́ kejì, ẹ kàn yí àmì ìyára padà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gbin irúgbìn: ẹ fi 0.001·sin(kx) kún x ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Pípín ṣáàjì sórí àwọ̀n. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ẹyọ kan. Ó wà ní x = 3.30. Ẹ fi dx pín in: 3.30/0.08016 = 41.17. Ó wà láàárín kókó 41 àti 42, ó sì sún mọ́ 41 jù. Kókó 41 á gba ìdá 0.83 nínú ṣáàjì rẹ̀, kókó 42 á gba 0.17. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn, ẹ fi dx pín àròpọ̀ orí kókó kọ̀ọ̀kan, ẹ fi +1 ti áyọ́ọ̀nù kún un. Kókó 128 ni kókó 0, ẹ rántí pé àpótí náà yípo.

Nínú NumPy, ẹ má kọ rho[j] += w. Bí ẹyọ igba bá wà lójú àwọ̀n kan, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni yóò kà, kò sì ní kìlọ̀ fún yín. np.bincount pẹ̀lú weights ni kí ẹ lò, ẹ sì fún minlength ní 128. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: ìpíndọ́gba ρ (rho, ohun tí ẹ rí lórí kókó kọ̀ọ̀kan) lórí àwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, àfi àṣẹ́kù kékeré tí kọ̀ǹpútà kì í lè yẹ̀ sílẹ̀.

Pápá iná. Ẹ fi rfft gbé ρ lọ sí ìhà Fourier, ìyẹn kí ẹ tú u sí àwọn ìgbì tí k wọn yàtọ̀ síra. Fún k kọ̀ọ̀kan, E = −iρ/k. k = 0 kò ní pápá, ẹ fi òdo síbẹ̀ kí kọ̀ǹpútà má bàa fi òdo pín nǹkan. Ẹ gbé e padà pẹ̀lú irfft.

Ìdajì ìṣísẹ̀ sẹ́yìn. Nínú ọ̀nà yìí, ipò àti ìyára kì í wà ní àkókò kan náà. Ìyára máa ń fi ìdajì ìṣísẹ̀ rìn lẹ́yìn. Kí yíyípo tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka E sí ibi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà, ẹ fi E·dt/2 kún ìyára rẹ̀. Àmì ìròpọ̀ ni, nítorí pé q/m jẹ́ −1, sẹ́yìn ni a sì ń lọ.

Yíyípo. Nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan: pín ṣáàjì, ṣírò E, ka E sí ipò ẹyọ, v = v − E·dt, x = x + v·dt, dá x padà sínú àpótí. Ìdá tí ẹ fi pín ṣáàjì, 0.83 àti 0.17, òun náà ni kí ẹ fi ka E. Bí ẹ bá fi ìdá mìíràn kà á, ẹyọ á máa fi agbára ara rẹ̀ ti ara rẹ̀, àpapọ̀ ipá ìrìn gbogbo wọn á sì máa yí láìnídìí.

Ẹ tọ́jú òǹkà méjì ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan: agbára pápá, ìyẹn ìdajì àròpọ̀ E²·dx, àti agbára ìrìn, ìyẹn ìdajì ìwúwo ẹyọ (L/25,600) nígbà àròpọ̀ v àtijọ́ × v tuntun. Bí ẹ bá lo v² lásán, ìdajì ìṣísẹ̀ tó wà láàárín wọn á mú kó dà bíi pé agbára ń sọnù.

## Àyẹ̀wò kí ọ̀wọ́ méjì tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ má fo èyí. Ẹ sọ v0 di 0 àti vth di 1, kó jẹ́ òkè kan ṣoṣo, kí L jẹ́ 4π, ìyẹn kλD = 0.5. Ẹ gbé ẹyọ lọ sí 100,000, ẹ fi 0.1·sin(0.5x) gbin irúgbìn. Ìdáhùn tó péye ti wà nílẹ̀ tipẹ́: ìgbì náà ń mì ní 1.4156 ωp, ó sì ń kú ní 0.1533 ωp. Lórí àwòrán agbára pápá, ẹ ó rí àwọn orí kéékèèké tó ń tẹ̀lé ara wọn ní àlàfo 2.22, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré sí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní ìdajì tàbí púpọ̀ díẹ̀ sí i, títí tí wọn yóò fi kan ilẹ̀ ariwo.

Bí kóòdù yín bá rí èyí gbà, ohun gbogbo tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ti tọ́. Bí ìgbì bá ń dàgbà níbi tó ti yẹ kó kú, ẹ wo àmì E. Àmì tó yí padà sọ ẹ̀lẹ́ktrọ́nù di ohun tó ń fa ara wọn mọ́ra dípò kí wọ́n máa lé ara wọn. Ẹni tí kò bá ṣe àyẹ̀wò yìí tó sì kọjá lọ sí ọ̀wọ́ méjì á rí ìdàgbà tó dùn ún wò, ṣùgbọ́n 0.65 ni yóò kà dípò 0.354. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ ti mọ òǹkà náà tẹ́lẹ̀.

## Kíka ìwọ̀n ìdàgbà

Ẹ dá v0 padà sí 1 àti vth sí 0.1, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí dé t = 60. Ẹ ya agbára pápá sórí àtẹ lọ́gárídímù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlà náà á máa gbọ̀n. Ìgbì 1.37 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan nìyẹn: irúgbìn yín pín ara rẹ̀ sí gbogbo ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń dàgbà nìkan. Lẹ́yìn t = 5 tàbí bẹ́ẹ̀, èyí tó ń dàgbà á ti borí, ìlà á sì tò gbọnrangandan.

Láàárín ibẹ̀ sí ìgbà tí agbára bá ku ìlọ́po mẹ́wàá kó kan orí òkè rẹ̀ ni kí ẹ ti wọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìlà yìí jẹ́ ti agbára, agbára sì ń lọ pẹ̀lú E², nítorí náà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ 2γ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí. Bí ẹ bá rí 0.7, γ jẹ́ 0.35, ẹ ti yege. Ọ̀nà mìíràn láti fojú dá a mọ̀: agbára pápá gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá ní gbogbo ìwọ̀n àkókò 3.3. Nítorí ìgbóná díẹ̀ tó wà nínú ọ̀wọ́, γ lè rẹlẹ̀ díẹ̀ sí 0.354; láti 0.33 sí 0.36, a ó gbà á.

Ní nǹkan bí t = 15 sí 25, ìdàgbà á dúró. Ẹ ya x sí ìsàlẹ̀ àwòrán, v sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀kán kan. Ìlà méjì tó tẹ́jú tẹ́lẹ̀ á ti tẹ̀ bí ejò, wọn á ti wé mọ́ ara wọn yí ojú òfìfo kan ká. Ìgbì ti tóbi débi pé ó ń kó ẹ̀lẹ́ktrọ́nù sínú kòtò ara rẹ̀, wọ́n sì ń lọ wọ́n ń bọ̀ nínú rẹ̀, ní ìwọ̀n √(kE). Nígbà tí òǹkà yìí bá ti sún mọ́ γ, àwọn tó yára àti àwọn tó lọ́ra á ti dàpọ̀, kò sí ẹni tí yóò tún fún ìgbì lágbára mọ́. Bí agbára pápá ṣe ń fò sókè sódò lẹ́yìn náà kì í ṣe àṣìṣe. Àwọn tó wà nínú kòtò ló ń yípo.

## Ibi tí nǹkan ti sábà ń wọ́

Bí àpapọ̀ agbára bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ẹ wo dx. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ju λD lọ dáadáa kò lè rí ìgbì kúkúrú; á ka ìgbì kúkúrú sí gígùn, á sì máa mú plásímà gbóná láìsí orísun, títí λD yóò fi gbòòrò dé bíi dx. Ọ̀wọ́ tó tutù pátá, vth = 0, ni èyí máa ń bá jà jù, nítorí λD rẹ̀ jẹ́ òdo, kò sì sí àwọ̀n tó lè kéré tó o. Ìdí tí a fi fún un ní 0.1 nìyẹn.

dt náà ní ààlà. Bí ωp·dt bá kọjá 2, gbogbo nǹkan á fọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà yẹn ló ti ń parọ́. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 0.2. Ó tún dára kí ẹyọ tó yára jù má fo ju ojú àwọ̀n kan lọ ní ìṣísẹ̀ kan. Nígbà tí kòtò bá ti là, ẹlòmíràn lè máa sáré ní 2, 2 × 0.04 sì jẹ́ 0.08, ojú àwọ̀n kan géérégé.

Bí ìdàgbà bá tọ̀nà ṣùgbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi gíga tó sì dúró kíá, ariwo ló ti gba ipò irúgbìn. Ẹ padà sí bí ẹ ṣe to àwọn ẹyọ. Bí ẹ bá sọ iye ẹyọ di ìlọ́po mẹ́rin, ariwo á dín kù sí ìdajì péré. Títò tó dára sàn ju ọ̀pọ̀ ẹyọ lọ.

## Iké lórí ìrù

Èyí ni irú tó sún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú òfuurufú: òkè ńlá kan, tí ọ̀wọ́ kékeré jókòó sórí ìrù rẹ̀ bí iké. Láti ara oòrùn ni irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde, ìgbì tó ń ru sókè ló sì ń di ariwo rédíò tí wọ́n ń pè ní Type III, gẹ́gẹ́ bí Ginzburg àti Zheleznyakov ṣe dábàá ní 1958.

Ìwọ̀n ìdàgbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà ní v = ω/k:

γ = (π/2) × ω × ωp²/k² × f′(v)

f níbí ni òkè ìyára, kì í ṣe iye ìgbà tí plásímà ń mì; f′ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó yẹ kí ẹ lò ó. Ìfẹ̀ iké, tí a fi ìyára rẹ̀ pín, gbọ́dọ̀ ju (nb/n0)^(1/3) lọ. Ẹ wo ọ̀wọ́ tó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, tó ń sáré ní 5 vth, tí ìfẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.5 vth. 0.5/5 jẹ́ 0.1, gbòǹgbò kẹta 0.01 jẹ́ 0.215. Kò tó. Bí ẹ bá fi tipátipá lo òfin gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ ó rí 0.28, nígbà tí òfin ọ̀wọ́ tútù kò fún un ju 0.148 lọ. Ọ̀wọ́ yìí kò fẹ̀ tó láti ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ìgbì lè yàn nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń bá ìgbì lọ pọ̀.

Ẹ mú èyí dípò rẹ̀: nb/n0 = 0.001, ìyára 6 vth, ìfẹ̀ 1 vth. 1/6 jẹ́ 0.167, ó ju 0.1 lọ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga jù wà ní nǹkan bí v = 5, ó jẹ́ 0.000235 (níbí, vth jẹ́ 1) lẹ́yìn tí a ti yọ ti òkè ńlá kúrò. Níwọ̀n bí ω² ti jẹ́ ωp² + 3k²vth², kλD jẹ́ 0.213, ω jẹ́ 1.066, γ sì jẹ́ 0.0087 ωp. Ẹ ṣọ́ra kí ọ̀wọ́ má sún mọ́ òkè ńlá jù: bí a bá fi 5 dípò 6, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní v = 4 á wálẹ̀ sí abẹ́ òdo, ìrù òkè ńlá á ti gbé iké mì.

Agbára á máa di ìlọ́po 2.72 ní gbogbo ìwọ̀n àkókò 57, nítorí náà ẹ múra láti dé t = 1,000 ó kéré tán. Ẹ má fún gbogbo ẹyọ ní ìwúwo kan náà. Nínú ẹyọ 100,000, ọgọ́rùn-ún péré ni ìbá jẹ́ ti iké, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ọgọ́rùn-ún ẹyọ ya gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fi ìdajì ẹyọ sílẹ̀ fún iké, kí ìwúwo àti ṣáàjì wọn kéré ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ìpín q/m wọn kò ní yí padà, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń rìn kò ní yí padà.

Gígùn àpótí náà ní ohun tó ń sọ. Bí L bá jẹ́ 29.5 λD, ìgbì kan ṣoṣo ló wà, kòtò kan ni yóò sì gbẹ́, bíi ti ọ̀wọ́ méjì. Nínú àpótí 590 λD, ogún irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lè tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀pọ̀ tó yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ síra á jọ dàgbà, kòtò wọn á wọnú ara wọn, ẹ̀lẹ́ktrọ́nù á máa ti ìkan bọ́ sí èkejì, iké á sì máa tẹ́ títí tí yóò fi di pèpéle. Drummond àti Pines, àti lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ Vedenov, Velikhov àti Sagdeev, ló ṣàlàyé títẹ́ yìí ní àyíká 1962.

Ìbéèrè ńlá kan tún wà nínú òǹkà yìí. Nínú ìwọ̀n àkókò 57, ọ̀wọ́ tó ń sáré ní 6 vth kò lè rìn ju 342 λD lọ. Pẹ̀lú λD mítà 10.5, ìyẹn kò ju kìlómítà 3.6. Síbẹ̀ àwọn ọ̀wọ́ tó ti ara oòrùn jáde ń dé ọ̀dọ̀ wa, ní 150 mílíọ̀nù kìlómítà. Sturrock ló béèrè ní 1964 pé báwo ni wọn kò ṣe ná gbogbo agbára wọn tán lójú ọ̀nà. Apá kan ìdáhùn ni pé ọ̀wọ́ gidi ní iwájú àti ẹ̀yìn: ìgbì tí àwọn tó ṣáájú bí, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń gbà á padà. Apá kejì ni pé plásímà ojú ọ̀nà kò ki bákan náà níbi gbogbo, ìgbì sì máa ń bọ́ kúrò ní v tí yóò fi máa jẹun. Àpótí tó ń yípo kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn, kò sì lè fi èyí hàn yín. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ fi ọ̀wọ́ sí apá kan àpótí gígùn nìkan, kí àpótí náà sì gùn tó tí ọ̀wọ́ kò fi ní yípo bá ìrù ara rẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí.

## Ohun tí kóòdù yìí kò lè ṣe

Ìyára lè ṣàìdọ́gba lọ́nà mìíràn: kí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù gbóná níbùú ju lóròó lọ. Èyí ló ń bí ìgbì whistler lẹ́bàá pápá òòfà ayé, tí Kennel àti Petschek ṣiṣẹ́ lé lórí ní 1966, òun náà ló sì ń bí àìdúróṣinṣin tí Weibel ṣàlàyé ní 1959, níbi tí kò ti sí òòfà tẹ́lẹ̀. Pápá òòfà ló ń dàgbà nínú wọn, kóòdù wa kò sì ní pápá òòfà kankan. Wọ́n ń fẹ́ ìyára lápá mẹ́ta, òfin Maxwell (ti iná àti òòfà) lódindi, àti dt tí kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fo ju ojú àwọ̀n kan lọ ní ìṣísẹ̀ kan. Bí ẹ bá fi òkè tó gbóná níbùú sínú kóòdù wa yìí, ìlà á dúró jẹ́ẹ́ láìdàgbà. Kì í ṣe pé plásímà náà farabalẹ̀, a kò fún ìgbì rẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò gbà jáde ni.